Alùpùpù Tíṣà Tó Ń Gbọ̀n

"Lọ́dún tí mo gun alùpùpù láti Ìkìrun dé Òkukù láìsí táyà iwájú lára ẹ̀," Oyèdélé ní, "oorun ni mo ń sùn lọ. Àkùkọ Òkukù ló jí mi. Mo wẹ̀yìn, mo rí reluwé tó ń sáré tẹ̀lé mi, tí dírẹ́bà rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n rọra."

Tíṣà Titus Ọlọ́rundáre rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Orí àpótí ló jókòó sí níwájú ṣọ́ọ̀bù Oyèdélé ní Ìnísà, tó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ yìí kò lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé."

"Irọ́ kẹ̀? Ẹ lọ bi reluwé!"

Gbogbo ẹni tó mọ Oyèdélé atọ́kọ̀ṣe ló mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ẹnu ọ̀hún lè wà ní pípadé láti ọjọ́ Àìkú títí di ọjọ́ Ẹtì láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ojúọlá ìyàwó rẹ̀ ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kúmásì, ó gbé ọmọ dání, ó ní òun á dé kí iṣu tuntun tó jáde. Iṣu tuntun ti jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àdúgbò wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó lọ sí Gánà tán. Nínú ilé mẹ́wàá, méje ló wà ní títì pa, ewúrẹ́ ló ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé bí aláǹgbá bá mi orí, Oyèdélé á gbọ́ ọ, á sì dá a lóhùn.

Àfi ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ yẹn ni Tíṣà máa ń ti Òkukù lọ sípàdé àwọn olùkọ́ ní Ìkìrun, tó bá ń padà bọ̀, á yà. Alùpùpù rẹ̀ ló ń mú un yà. Àlòkù ni, ó dàgbà tó ẹni tí èèyàn ń dọ̀bálẹ̀ kí. Lórí eré, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bí Tíṣà bá ti dín eré kù láti wọ ìlú, tó mú ọwọ́ kan kúrò láti fi kí àwọn àgbà tó jókòó síwájú ilé, ọwọ́ alùpùpù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Tíṣà ìjọ Áńgílíkà kò sì gbọdọ̀ kọjá lójú àgbà láìnawọ́ kí wọn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbé e wá, Oyèdélé ki àpótí bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì kí táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀. Ó di irin ẹsẹ̀ tó gbé táyà náà mú nísàlẹ̀, ó fà á síwájú, ó tì í sẹ́yìn. Kọ̀. Kọ̀. Ọrùn alùpùpù ni ìró náà ti ń wá, níbi tí àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké wà. Nọ́ọ̀tì ọrùn ló dẹ̀. Kéèyàn fi sípánà fún un díẹ̀, kó má le jù, kí ọwọ́ ṣì lè máa yí geere, ó parí. Iṣẹ́ náà kò gùn tó kéèyàn bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó mú sípánà. Ó wo Tíṣà tó ń rẹ́rìn-ín, ó wo ilé méje tó wà ní títì. Ó gbé sípánà sílẹ̀.

"Atẹ́gùn táyà ló kéré," ó ní. "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká wò ó bóyá ó gbọ́."

Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní sípóòkù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà, ni, ó ń fi èékánná ta wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dijú bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ní ìwé tí Tíṣà ń dì sẹ́yìn ni, ìmọ̀ inú wọn ti wúwo jù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi ṣe báyìí. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni yóò ti gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ní Àbámẹ́ta kẹfà, Tíṣà dé, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn àgbà ìjọ Òkukù pè mí. Wọ́n ní mò ń mu ẹmu, pé gbogbo ìlú ló ń rí mi tí mò ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n lórí alùpùpù. Bí wọ́n bá tún rí i, wọ́n á kọ̀wé kí wọ́n gbé mi lọ síbòmíràn."

Oyèdélé ki àpótí bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kò pa irọ́ kankan. Ó mú sípánà, ó fún nọ́ọ̀tì náà le.

Tíṣà gun alùpùpù, ó rọra ń lọ sókè sódò àdúgbò, ó ń na ọwọ́ kan kí àwọn ilẹ̀kùn tó wà ní títì: "Ẹ kú ilé o, bàbá! Ẹ kú ìjókòó o, màmá!" Alùpùpù ń lọ tààrà.

"Ó ti sàn! Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò tún ní máa fi ọjọ́ Àbámẹ́ta yọ yín lẹ́nu mọ́."

Oyèdélé wọlé lọ bu iṣu àti epo. Nígbà tó gbé e jáde, Tíṣà bọ́ sẹ́yìn ilé lọ fọwọ́. Oyèdélé dá wà pẹ̀lú alùpùpù. Díẹ̀ péré ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Kò ní tíì gbọ̀n dé Òkukù lónìí; kó kàn gbọ̀n ní Ìkìrun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, níbi tí àgbà ìjọ Òkukù kankan kò sí. Ó fi sípánà yí nọ́ọ̀tì sẹ́yìn.

Tíṣà dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọrùn alùpùpù, ó ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ wọlé, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì yìí sára irin abẹ́ rẹ̀, kí n lè tètè mọ̀ bó bá tún ń tú. Ìlà orí nọ́ọ̀tì kò bá ti abẹ́ rẹ̀ mu mọ́."

"Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti ìlú Èkó Ẹ̀ǹdé ni!" Oyèdélé ní. "Ó burú! Lọ́jọ́ kan, ó tú nọ́ọ̀tì reluwé mẹ́rìnlá, ó tún tú bọ́tìnnì ẹ̀wù gáàdì ọkọ̀ náà..."

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo sípánà tó wà lọ́wọ́ Oyèdélé.

"Àbí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ti mọ̀? Kí ni mo ṣe yín, ẹ̀gbọ́n?"

Oyèdélé ya ẹnu. Kò rí irọ́ kankan níbẹ̀. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ki eré mọ́lẹ̀, ó gba iwájú àwọn ilé tó wà ní títì kọjá, àwọn ewúrẹ́ ń fò dìde fún un.

"Ẹ̀gbọ́n!" Tíṣà ń pè é. "Ẹ̀gbọ́n Oyèdélé! Ẹ padà wá jẹun, iṣu ń tutù!"

Kò wẹ̀yìn. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, ó yà sí ọ̀nà oko, ó ń sáré lọ.