Bọ́tìnnì Ara Ṣẹ́ẹ̀tì

"Dẹ́rẹ́bà ni," Rùkáyátù sọ, ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. "Mo ti ń sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn. Ta ló ń wọ funfun nínú ilé yẹn bí kò ṣe dẹ́rẹ́bà?"

Ọkọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò retí èsì. Kàmọ́rù jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Oṣù kẹjọ rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbé, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ àfi ìró tí kò ní ìtumọ̀. Lẹ́yìn wọn, nídìí tábìlì ìjẹun, Labeebah ọmọbìnrin wọn ń kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù kan.

Orúkọ eré tí wọ́n ń wò ni Ta Ló Ṣílẹ̀kùn? Gbogbo ọjọ́ Àìkú, ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n máa ń gbé e jáde. Wọ́n bá òkú ẹnjiníà kan nínú pálọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò bàjẹ́, èyí tó fi hàn pé ẹnì kan nínú ilé ló ṣí i fún apànìyàn. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin, dẹ́rẹ́bà, àti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ àgbà. Kámẹ́rà ilé aládùúgbò ya ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn náà: ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì fi fìlà bo ojú.

Ṣáájú àìsàn yìí, ẹnu tọkọtaya náà kì í kúrò lórí irú eré bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jiyàn títí, iyàn á bá wọn dé ìdí oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Kàmọ́rù fi ránṣọ ní Ketu kó tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó sì máa ń sọ pé aṣọ kì í purọ́ fún télọ̀. Rùkáyátù ní tirẹ̀ ti di gbajúmọ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ eré náà lórí WhatsApp. "Mummy Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́" ni wọ́n ń pè é. Tí eré bá ti parí, á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á fi ránṣẹ́, àwọn èèyàn á sì máa dá sí i láti Agége dé Òndó. Ṣùgbọ́n Kàmọ́rù ló kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́ fún. Labeebah kò fẹ́ràn ìyẹn. Lójú tirẹ̀, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni.

"Mummy, ṣé òògùn mẹ́rin ni Daddy ń lò lójúmọ́ àbí márùn-ún?"

"Fọ́ọ̀mù kí lò ń kọ?"

"Mo ti sọ fún yín. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tó wà ní Iseri Olowora, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì, wọ́n ní àwọn tó ń báni gbé aláìsàn. Mummy, ẹ ṣubú nínú bálùwẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè níbi tí ẹ ti ń gbé Daddy. Tí ẹ bá tún ṣubú, ẹ̀yin méjèèjì ni màá máa gbé."

Rùkáyátù ò lè jiyàn. Ìbàdí rẹ̀ ṣì ń ro ó. "Ka ohun tí wọ́n bi ẹ́ sí mi létí."

"Ọjọ́ orí. Irú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀sìn." Labeebah rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n bi mí bóyá ohun tí à ń sọ ń yé Daddy."

"Kí lo kọ?"

"Mo kọ rárá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Mummy, nígbà tí mo wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kí wọn. Wọn ò wojú mi."

"Wọ́n ń wo eré ni."

Labeebah padà sórí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló ń ti Iseri wá sí Ikosi. Òun ló ń ra ata àti àlùbọ́sà wọn ní Mile 12 kó tó yà sílé, òun náà ló ń fọ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á nítorí ìyá rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í fa ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe é. Ó di etí aṣọ náà mú níwájú àyà, ó fà á, ó fi í sílẹ̀, ó tún fà á. Ìró kan ń ti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jáde.

"Ooru ló ń mú wọn," Labeebah sọ. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì. Ó ti tú méjì kí Kàmọ́rù tó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó tún gbìyànjú, bàbá rẹ̀ tún gbá a, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Omi lé ròrò sójú Labeebah. "Ṣé ẹ rí i, Mummy? Wọn ò mọ̀ mí mọ́."

"Fi wọ́n sílẹ̀ ná."

Rùkáyátù rọra kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú. Kò fọwọ́ kan ọkùnrin náà. Ó kàn ń wo ohun tó ń ṣe. Kàmọ́rù mú etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé e gun orí ti òsì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń polówó ọṣẹ báyìí. Ó tún ṣe bákan náà: ọ̀tún lórí òsì.

Rùkáyátù rántí ọdún àkọ́kọ́ ìgbéyàwó wọn, nígbà tó ń bá a rán bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù, tó lọ rán ti oníbàárà kan sí òdìkejì. Kàmọ́rù fi í rẹ́rìn-ín títí. "Ti ọkùnrin, òsì ló ń gun ọ̀tún," ó sọ fún un nígbà náà. "Ti obìnrin, ọ̀tún ló ń gun òsì."

"Labeebah, bá mi mú fóònù mi. Wọ́n fi fọ́tò inú kámẹ́rà yẹn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp lánàá. Fẹ̀ ẹ́ kó tóbi. Ibi àyà ni kó o fẹ̀."

Labeebah ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò náà rí bàìbàì, ṣùgbọ́n ìlà bọ́tìnnì hàn. Ó gbé fóònù sún mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀, ó wo èyí, ó wo tọ̀hún.

"Ọ̀tún ló gun òsì," ó sọ jẹ́jẹ́.

"Ṣẹ́ẹ̀tì obìnrin ni. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Kàmọ́rù fẹ̀yìn ti àga, ó pa ojú dé. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè.

Labeebah jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Daddy, ta ni obìnrin náà? Ṣé ìyàwó ẹnjiníà ni?"

Kàmọ́rù mi orí pé rárá.

"Nọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́?"

Ó tún mi orí.

"Àbúrò ẹ̀ obìnrin?"

Ọwọ́ òsì lu apá àga lẹ́ẹ̀mejì.

Labeebah sún mọ́ ọn. "Daddy, ṣé gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látọjọ́ yìí lẹ ń gbọ́?"

Bàbá rẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí tábìlì, sí ibi tí fọ́ọ̀mù wà, ó sì tẹjú mọ́ ọn títí Labeebah fi dorí kodò.

"Ẹ má bínú, Daddy."

Kàmọ́rù gbé ọwọ́ òsì lé ìborùn orí Labeebah, kò sì tètè gbé e kúrò.

Kò sẹ́ni tó wo ìyókù eré lọ́jọ́ náà. Rùkáyátù gba ohùn sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀yin ará, mo ṣìnà. Ẹ wo bọ́tìnnì. Daddy Labeebah ló rí i, kì í ṣe èmi." Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbà á, nítorí ẹkún gé ti àkọ́kọ́.

"Ìbàdí yín ṣì ń dùn yín o, Mummy," Labeebah sọ nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ. "Ìyẹn ò tíì yí padà."

"Mo mọ̀."

"Mo máa wá ẹni tó lè máa bá yín gbé Daddy láràárọ̀. Àti obìnrin yẹn tí ilé ìwòsàn sọ, tó ń kọ́ àwọn èèyàn láti tún sọ̀rọ̀. A lọ lẹ́ẹ̀kan, a ò padà."

"Èmi ni mo ní kò wúlò," Rùkáyátù jẹ́wọ́. "Àwòrán ajá àti àwòrán síbí ló ń fi hàn wọ́n. Mo rò pé ó ń sọ wọ́n di ọmọdé ni."

"A máa lọ lọ́jọ́ Túsìdeè. Mo máa gbàyè níbi iṣẹ́." Labeebah mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ gba orí "rárá" tó kọ, kó tó ti fọ́ọ̀mù náà bọ inú báàgì.

Bridget lorúkọ obìnrin tó ń kọ́ni lọ́rọ̀ náà. Ó fẹ̀sọ̀ yẹ Kàmọ́rù wò fún wákàtí kan. "Ọ̀rọ̀ kún inú wọn," ó sọ. "Ojú ọ̀nà ló dí. Ó lè gba oṣù púpọ̀, ó lè gba ọdún. Tí ẹ bá ti sọ tiyín, ẹ fún wọn láyè kí wọ́n dáhùn." Rùkáyátù wo ọkọ rẹ̀. Láti oṣù mẹ́jọ, ojoojúmọ́ ló ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì dúró kó dáhùn rí.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ gba Ojota, Labeebah sọ fún bàbá rẹ̀ nínú mọ́tò pé òun ti wo gbogbo apá tó ti kọjá nínú eré náà. "Lójú tèmi, Daddy, nọ́ọ̀sì yẹn ni." Kàmọ́rù kọjú sí fèrèsé.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, àṣírí tú. Obìnrin ló wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe àbúrò ẹnjiníà. Rùkáyátù kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ mọ ti bọ́tìnnì, mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣi èèyàn mú."

Kó tó parí ọ̀rọ̀, fóònù rẹ̀ dún. Labeebah ni, tó ti padà sílé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Mummy, ẹ fún Daddy ní fóònù."

Látìgbà tí àìsàn ti dé, "Daddy ńkọ́?" ló máa ń béèrè, kò ní kí wọ́n gbé fóònù fún un rí. Rùkáyátù gbé e sí i létí.

"Daddy, kí ni mo sọ fún yín nínú mọ́tò? Nọ́ọ̀sì ni."

Ẹnu Kàmọ́rù là, ó tún padé. Rùkáyátù fẹ́ bá a dáhùn, ó pa ẹnu mọ́. Lórí fóònù, Labeebah náà ò sọ nǹkan kan. Orin ìparí eré dún tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn, ètè ọkùnrin náà ṣì ń wá ọ̀nà.

"I," ó sọ. Ó mí. "Irọ́."

Ohun tí Rùkáyátù gbọ́ láti inú fóònù, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Nígbà tó yá, Labeebah sọ pé, "Ó dáa, Daddy. Ẹ ro tiyín. Mò ń gbọ́."

Rùkáyátù dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Ó gbé fóònù sí ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀, ó sì lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí bàbá àti ọmọ lè ráyè jiyàn wọn.