Ìyá Mi Di Odi ní Làrísà

Vasiliki ni wọ́n ń pè mí ní Làrísà, ìlú kan nílẹ̀ Gíríìkì. Valbona tí ìyá mi sọ mí, ẹnubodè Albania ni mo fi í sí. Ìyáàfin Evanthia, onílé mi, ti búra pé òun ò ní gba ará Albania sílé láéláé. Mo bá ní Gíríìkì ni mí, èdè wọn sì dá ṣáká lẹ́nu mi. Yàrá kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìta lọ.

Ìgbà tí ìyá mi wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi ni ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ rárá. Mo ti sọ fún onílé pé odi ni yín."

"Odi kẹ̀! Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi? Ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́ o."

"Àpò ìyà ti wà lọ́rùn mi kí n tó rí yàrá yìí, Màmá."

Ó wò mí títí, ó sì panu mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún lórí àtẹ̀gùn, màá fò dìde.

Lọ́jọ́ Sunday kejì, onílé gbé èso tí wọ́n fi ṣúgà sè wá. Ó na ṣíbí sí ìyá mi, ó sì fọwọ́ bi í bóyá ó dùn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó mi orí sọ́tùn-ún sósì, sọ́tùn-ún sósì. Mo gbé! Ẹnu ni mo dì, mo gbàgbé orí. Lọ́dọ̀ tiwa, bẹ́ẹ̀ ni là ń mi orí tá a bá gbà. Tá a bá kọ̀, a óò mi ín sókè sódò.

Onílé gbé àwo kalẹ̀. "Bí àwọn ará Albania tó ń bá mi ká òwú ṣe ń mi orí nìyẹn. Vasiliki, ṣé ìyá ẹ nìyí lóòótọ́?"

"Rárá o! Kì í ṣe ìyá mi! Ó kàn tẹ̀ lé mi wá ni."

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ìyá mi gbọ́ ò pé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n "ìyá" àti "rárá" wà níbẹ̀. Ó rọra gbé ṣíbí kalẹ̀.

Onílé pòṣé. "Imú yín kan náà. Ẹ máa gbé yàrá yín, ojú ló ń tì mí pé nítorí mi lo ṣe sẹ́ ìyá ẹ. Jẹ́ kí ìyá ẹ sọ̀rọ̀, jàre."

Inú mi dùn, mo sì fi èdè wa pariwo: "Màmá, ó ti parí! Ẹ sọ̀rọ̀!"

Kò fèsì. Títí ọ̀sẹ̀ tó kù fi pé, kò fèsì.

Ní ibùdókọ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń sunkún. "Màmá, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Ó mi orí sókè sódò, ó sì wọ bọ́ọ̀sì.

Gíríìkì tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì rí wa. "Má sunkún mọ́, àbúrò. Ṣebí ó ti gbà."

Mo ní, "Ẹ ṣé. Ó ti gbà."