Kùdírátù Ná Ilé-Ìwé

Ní ọdún 1983, wọ́n ṣí ilé-ìwé òwò kan sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Aké, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn òyìnbó. Orúkọ ilé-ìwé náà gùn ju àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà débẹ̀ lọ. Bùsírátù, ọmọ ogún ọdún ní Kemta, mú ìwé ìkéde rẹ̀ wálé, ó ní òun fẹ́ẹ́ lọ.

Kùdírátù ìyá rẹ̀ gba ìwé náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó tutọ́ síka, ó fi ra igun rẹ̀ bí ẹni tó ń wò bóyá aró rẹ̀ máa ṣí. Ọdún kẹtàlélógún tó ti ń ta àdìrẹ lọ́jà Ìtòkú nìyẹn, kò sì sí ohun tí kì í fi ìka ra.

"Kí ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀?"

"Òwò ni, Màmá."

"Òwò." Ó wo ọmọ náà látòkè délẹ̀. "Ọmọ Ìtòkú fẹ́ẹ́ lọ kọ́ òwò ní Aké. Ṣé ẹja náà máa ń lọ kọ́ odò wíwẹ̀ ni?"

"Wọ́n ń kọ́ni ní táípù náà, àti bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́..."

"Mo gbọ́."

Jùbrílù, bàbá ọmọ, ń ránṣọ lójúde. Ó ní ohun tí ìyá ọmọ bá ti fọwọ́ sí, òun náà ti fọwọ́ sí i. Ọgbọ́n tí ọkùnrin náà fi ń gbélé láìsí ìjà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín, kì í ṣe ilé-ìwé ni Kùdírátù kórìíra. Àpótí ìjókòó méjì ló wà nínú ìsọ̀ rẹ̀, tirẹ̀ àti ti Bùsírátù, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà ò tíì kan ilẹ̀. Bí oníbàárà bá ń ná ìnákúnàá, ojú lásán ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bó bá ti lọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rù ń bà á pé ó máa ku òun nìkan. Àmọ́ ta ló ń sọ irú ìyẹn fún ọmọ tó fẹ́ẹ́ kàwé? Ó ní, "Èmi kì í ra ohun tí n kò ná. Ọ̀la la máa lọ."

Lójú ọ̀nà ló ti parí ètò rẹ̀. Iye tí kò ṣeé gbọ́ sétí lòun máa pè. Ọ̀gá ilé-ìwé á bínú, á ní kí wọ́n máa lọ, òun á sì yíjú sọ́mọ pé, "O rí i, mo gbìyànjú." Ẹnikẹ́ni ò ní í jẹ̀bi.

Ọ̀gá náà, Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún, ò tíì tó ọmọ ogójì ọdún. Ó wọ táì nínú ooru, ó sì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú táì náà. "Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ kú àtẹ̀gùn o."

Kùdírátù jókòó. Ó ka àga, mẹ́rìnlélógún. Ó ka akẹ́kọ̀ọ́, márùn-ún. Ẹ̀rọ táípù jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ń ṣàìsàn.

"Èló lẹ̀ ń gbà?"

"Ọgọ́ta náírà ni fún sáà kan, Mà."

"Ogún náírà ni n ó san."

Ojú ti Bùsírátù, ó pa ojú rẹ̀ dé. Ọ̀gá wo ìyá, ó wo ọmọ.

"Ó dáa, Mà. Ẹ mú owó wá."

Kùdírátù fọwọ́ di etí ìró rẹ̀ tí owó wà mú. Lọ́jà wa, èèyàn lè ná ọjà láti àárọ̀ dalẹ́ kó sì lọ lọ́wọ́ òfo, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fẹnu ara rẹ pe iye kan, tí ọlọ́jà ní kí o mú owó wá, ọjà ti di tìrẹ nìyẹn. Bí o bá kọ̀, èébú á délé ṣáájú rẹ. Kùdírátù fúnra rẹ̀ ti lé ìyàwó pásítọ̀ kan dé ìdí mọ́tò lórí ọ̀rọ̀ yìí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbà?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹni tó ń kọ́ni lówò kì í gba iye àkọ́pè."

"Mà, ìyá mi ta gààrí ní Wásinmi títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní ojú méjì loníbàárà ń gbé wá: ojú ẹni tó fẹ́ẹ́ rà, àti ojú ẹni tó ń wá ọ̀nà àtilọ. Bí ẹ ṣe wọlé ni mo rí i pé ẹ ti ń lọ. Bí mo bá ní àádọ́ta, ẹ ó dìde. Bí mo bá ní ọgbọ̀n, ẹ ó dìde. Àfi kí n gbà." Ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Àga mọ́kàndínlógún ló ṣófo. Bí ará Ìtòkú bá sì gbọ́ pé ọmọ yín wà níbí, kò ní í ṣófo mọ́."

Bùsírátù ti la ojú. Ìyá rẹ̀ ló ń wò. "Màmá, ṣé lóòótọ́ lẹ ti ń lọ ká tó dé?"

Kùdírátù yíjú kúrò lára ọmọ. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ogún náírà. "Ilé-ìwé yìí dára," ó ní, bí ẹni tí eyín ń dùn. "Ọkùnrin yìí mọ òwò."

Ìgbà tí wọ́n dé orí àtẹ̀gùn ló tó sọ ọ́. "Ẹ̀rù dídáwà ló ń bà mí. Kò sí nǹkan míì."

"Aago méjì la ó máa jáde, Màmá."

"Mo gbọ́."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan dé ìsọ̀ Kùdírátù. Ó yẹ àdìrẹ kan wò lẹ́ẹ̀mẹfà, ó wá pe iye tí kò ṣeé gbọ́ sétí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà níta. Kùdírátù wo ojú rẹ̀ dáadáa. Iye náà fi náírà kan péré ju ohun tí aṣọ náà ná an lọ.

"Ẹ mú owó wá."

Ẹnu obìnrin náà là, kò pa dé. Ó sanwó. Kò tíì wọnú èrò ọjà tán tí ẹ̀rín fi gbọ̀n Kùdírátù, ó sì yíjú sí àpótí kejì.

Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó bi aláta tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ pé aago mélòó ló lù.

"Mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni."

Ó fa àpótí ọmọ náà mọ́ra, ó gbé gèlè rẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀.