Ẹsẹ̀ Tó Kọ́kọ́ Wọlé Ìyá Thơm

Nígbà tí Lela àti Vazha ọkọ rẹ̀ gbé báàgì ẹ̀yìn wọn dé ilé àlejò mi ní Hà Nội, yàrá tó kéré jù, tó wà lókè téńté lábẹ́ páànù, ni wọ́n ní àwọn fẹ́. Mo ní kí Thơm ọmọ mi sọ fún wọn pé òtútù pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ilẹ̀ Jọ́jíà làwọn ti wá, òtútù ibẹ̀ ju ti ibí lọ. Owó wọn ò pọ̀, mo sì rí i bẹ́ẹ̀. Abọ́ phở kan ṣoṣo, ọbẹ̀ núdù wa, ni wọ́n jọ ń jẹ láàárọ̀, ìyàwó á jẹ ẹran, ọkọ á fi omi ọbẹ̀ ṣe oúnjẹ. Aṣọ dúdú kan náà ni ìyàwó ń wọ̀ lójoojúmọ́.

"Ọmọ yìí gbọ́n," ni mo wí. "Dúdú kì í fi ìdọ̀tí hàn."

"Màmá, ẹ yé sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn lójú wọn," Thơm dá mi lóhùn.

"Ṣé wọ́n gbọ́ èdè wa ni?"

Thơm nìkan ló gbọ́ gẹ̀ẹ́sì nílé wa. Èmi, ọwọ́ àti ojú ni mo fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀, wọ́n sì máa ń yé mi.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn àwọn méjèèjì ni pé gbogbo nǹkan ló ń yà wọ́n lẹ́nu. Tết, ọdún tuntun wa, ló ń bọ̀, gbogbo ìlú sì ń fi alùpùpù gbé igi lọ sílé. Lela á dúró síwájú ilé mi láti àárọ̀, á lanu sílẹ̀. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó ga ju ẹni tó ń gbé e lọ á kọjá, èèyàn ò ní rí awakọ̀ rárá, igi nìkan lèèyàn á rí tó ń sáré láàárín títì. Òmíràn á kọjá, òdòdó pupa ló bò ó. Thơm ti kọ́ ọ kó máa pè mí ní Màmá. Á fà mí láṣọ, á ní, "Màmá, Màmá," á sì máa nàka. Láti kékeré ni mo ti ń rí igi wọ̀nyẹn, n kò dúró wò wọ́n rí.

Ọkàn mi ò tilẹ̀ sí lọ́dọ̀ igi. Thơm lóyún. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára, ẹ̀kẹta yìí ti wọ oṣù keje, ọkọ rẹ̀ sì wà lórí òkun nínú ọkọ̀ ẹja. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé èèyàn láàárọ̀ Tết ló gbé ọdún náà wọlé. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ osùn, ire ni. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, onílé á fojú rí i. Lọ́dún tí oyún kejì bàjẹ́, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló já wọlé wa láàárọ̀ ọdún, ó ní òun wá tọrọ ìṣáná. Dókítà ní ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kọ́. Dókítà ò gbé ilé mi, kì í ṣe òun ló fọ aṣọ ibùsùn ọmọ mi lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, mo tètè bẹ Khoát, ọmọ àbúrò bàbá mi. Khoát sanra, ó lówó, àwọn ọmọ rẹ̀ yè, ọdún tí wọ́n bí i sì bá ọdún tuntun mu nínú ìṣírò ọdún wa. Òun ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹnikẹ́ni má ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, mo ní kí Thơm ṣàlàyé fún àwọn àlejò wa, kó má fi ohunkóhun pa mọ́, títí kan ọ̀rọ̀ oyún.

Lela gbọ́ ọ tán, ó wo ikùn Thơm, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó ní wọ́n ń ṣe irú ẹ̀ nílé tiwọn náà," Thơm sọ fún mi. "Ó ní kí ẹ fọkàn balẹ̀."

"Òyìnbó wo ló mọ̀ nípa ẹsẹ̀?" Mo pòṣé, mo lọ bójú tó ìrẹsì tí mo dì sínú ewé lórí iná.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ aṣọ tuntun, mo tan tùràrí síwájú àwòrán ọkọ mi àti ti àwọn òbí mi, mo sì jókòó ti Khoát. Khoát ò dé. Fóònù rẹ̀ ló dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ó ní. "Ìyá ìyàwó mi sùn, kò jí mọ́. N ò lè tẹ ilé yín."

Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í wọ ilé onílé nígbà Tết. Mo bá a kẹ́dùn dáadáa, torí ìyá náà ṣèèyàn. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ta ni mo fẹ́ rí pè lọ́jọ́ tí gbogbo ayé jókòó sílé tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tiwọn?

"Màmá, ẹ wá wo nǹkan," Thơm pè mí láti ibi fèrèsé.

Lela àti Vazha ló wà níta. Wọ́n ti jáde lọ wo ìlú kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Òjò wínníwínní ń rọ̀, kò sì sí ibòji níwájú ilé mi. Wọ́n fara ti ara wọn, irun Lela ti lẹ̀ mọ́ ọn lórí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ilẹ̀kùn ò tì.

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dúró," ni Thơm wí. "Mo ní kí wọ́n wọlé, wọ́n ní ọkùnrin tó sanra yẹn ò tíì dé."

Àwọn tí wọ́n sanwó yàrá wọn, tí wọn ò bá wa tan, tí wọ́n máa gbé báàgì wọn lọ lọ́túnla, ni wọ́n ń fi ara wọn fún òjò nítorí ọmọ tí a kò tíì bí. Mo ní mọ̀lẹ́bí tí kò lè ṣe é.

"Sọ fún wọn pé Khoát ò wá mọ́. Kí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ̀ ọ́."

Vazha mirí. Lela ló sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gùn.

"Kí ló wí?"

"Ìyá Lela kú nígbà ìkórè èso àjàrà wọn. Dúdú ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀, Màmá. Ó ní àwọn méjèèjì ò lè ṣáájú wọ ilé aláboyún. Ó ní kí ẹ wá ẹlòmíràn, àwọn á dúró."

Funfun làwa fi ń ṣọ̀fọ̀. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Ojú tì mí, mo mú agbòjò, mo bọ́ síta lọ bá wọn.

Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, inú ilé ni mo máa ń wà ní àárọ̀ Tết. N kò rí títì wa rí lásìkò yẹn. Kò sí alùpùpù kan. Kò sí fèrè, kò sí ẹni tó ń polówó ọjà. Títì tí mo ti ń fi gbogbo ayé mi sá fún lọ gbọrọ títí dé etí adágún omi, ó mọ́, ó ń dán, òdòdó pupa já bọ́ sórí ọ̀dà rẹ̀, èéfín tùràrí sì ń ti gbogbo ilé jáde wá pàdé ara wọn lókè. Mo gbọ́ bí òjò ṣe ń kan ewé. Ìlú tó ń pariwo mọ́ mi láti kékeré dákẹ́ síwájú mi, ó tóbi, ó sì lẹ́wà débi pé ẹ̀rù bà mí.

"Màmá," Lela wí wúyẹ́wúyẹ́, ó nàka sí i.

"Mo rí i," mo dá a lóhùn.

Àwa mẹ́ta dúró sábẹ́ agbòjò kan. Mo wò ó pé kí èmi fúnra mi kọ́kọ́ padà wọlé, ṣùgbọ́n opó ni mí, ẹsẹ̀ tèmi ò sàn ju tiwọn lọ.

"Màmá, èmi ni mo lóyún," ni Thơm wí láti ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ gbé ikùn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó wọlé."

"Sọ fún un pé ìyá tèmi náà kú," ni mo wí. "Ta ni ìyá tirẹ̀ kì í kú? Sọ fún un pé ẹsẹ̀ tó lè dúró sínú òjò nítorí ọmọ ọlọ́mọ, òun gan-an ni mo ń wá."

Thơm sọ ọ́. Lela bú sẹ́kún, ó tún mirí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tutù bí ẹja, mo sì tì í síwájú. Ó bọ́ bàtà, ó wojú Thơm, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé.

Ó ku oṣù kan àbọ̀ báyìí kí Thơm bímọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n tún ẹsẹ̀ yàn láàárọ̀ ọ̀la, Khoát àti gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ ni màá ní kó dúró síta.