Ọmọrí Ìgò Méjì

"Ẹ bá wa kí ìyá náà kú oríire o, dókítà. Àwọn ọmọ ogun ara wọn ti wọ àárín kókó yẹn. Oògùn náà á ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Fínnífínní, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, kò lè rẹ́rìn-ín. Òun ló gé kókó jẹjẹrẹ inú ọyàn náà. Ó kó ègé àárín sínú ìgò kékeré kan, ègé etí sínú ìkejì, kí ẹ̀rọ lè ka sẹ́ẹ̀lì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi mọ ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara fìdí sí. Bí wọ́n bá wà láàárín, oògùn tuntun yóò gún wọn ní kẹ́ṣẹ́. Bó bá jẹ́ etí ni wọ́n dúró sí, oògùn náà kò lè ran ìyá yẹn lọ́wọ́, àkókò rẹ̀ yóò kàn ṣòfò ni.

Lójú kọ̀ǹpútà, sẹ́ẹ̀lì ọyàn tí kò lárùn ló kún ìgò "àárín" fọ́fọ́. Etí, níbi tí kókó ti kan ara tó dá, ló yẹ kí irú wọn wà; kí ni wọ́n ń wá láàárín jẹjẹrẹ?

Ìgbà náà ló rántí. Orí ọmọrí nìkan ló kọ̀wé sí, kò kọ ọ́ sára ìgò, ó sì ṣí méjèèjì pọ̀. Òun tó máa ń jágbe mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ọmọrí kì í ṣe ibi ìkọ̀wé! Ojú tì í débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ó jọ pé mo pààrọ̀ ọmọrí."

"Ìwọ kẹ̀? Má fi mí ṣeré o."

"Ẹ wo ibí yìí, sà."

Ọ̀gá wò ó títí, ó wá jókòó. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Kò tíì dá mi lójú tán. Ègé díẹ̀ ṣì kù nínú fírísà, ká tún un ṣe."

"Mo ti sọ fún dókítà! Jẹ́ kí n ronú sí i dọ̀la."

"Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn, sà. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Ìyá yẹn ò ní ogún ọdún tó fẹ́ fi dúró."

 Ọ̀gá ti fóònù sí i, Fínnífínní sì pe dókítà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ni dókítà wí. "Ọ̀dọ̀ ìyá náà gan-an ni mo wà. Ẹ gbọ́ bí inú wọn ṣe ń dùn!"

Fínnífínní gbọ́ obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀.

"Dókítà," Fínnífínní ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde síta díẹ̀."