Ìyàwó Tó Gun Kẹ̀kẹ́ Dé Òkè-Onígbìn

Nígbà tí Asisat bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn Omupo, igbe kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ni òun ké e. Afẹ́fẹ́ kó sínú ìborùn rẹ̀, ó fẹ́ ẹ bí ìyẹ́ àkùkọ. Igi emi àti igi igbá ń sá kọjá lọ́tùn-ún lósì, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń sáré. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, tí kò mọ kẹ̀kẹ́ ológeere gùn títí iṣu tuntun ọdún yìí fi jáde!

"Ẹ wò mí o!" ló ń ké sí pápá. Màlúù nìkan ló gbọ́.

Mardiyah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló tìtorí rẹ̀ jáde. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Òkè-Onígbìn ni ọmọ náà ń gbé. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jìnnà; kó tó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, oorun ti gbé e. Àhmádù bàbá rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti kẹ̀kẹ́ náà mọ́ yàrá.

"Ọmọ tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ kì í rí àgbà," ni ìyá náà wí. "Á kàn máa fò kọjá wa bí ẹyẹ ni. Àti pé òkè àbáwọ̀lú wa yìí, obìnrin wo ló lè gùn ún?"

"Ìyá, ó ṣeé gùn," ni Asisat dáhùn.

"Ó dáa. Ìwọ tí ẹnu rẹ mú, gun kẹ̀kẹ́ wá láti Omupo. Bí o bá gun òkè náà láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, tí àgbà kankan kò sì wá sọ fún mi pé ìyàwó wa kọjá òun láìkí òun, màá yọ kọ́kọ́rọ́ fún ọmọ rẹ."

Usamah tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló kọ́ Asisat. Ọ̀rọ̀ kan ló ń tẹ̀ mọ́ ọn létí: "Ẹ má dúró nísàlẹ̀ òkè o. Eré tí ẹ bá sá bọ̀ ni yóò gbé yín gùn ún. Bí ẹ bá dúró, ẹ ti di ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ nìyẹn."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ òkè ni ibòji wà, ibòji sì ni àwọn àgbà ń jókòó sí. Kí Asisat tó dé Àjàṣẹ́, ó ti sọ̀kalẹ̀ kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi pọ́n fún erùpẹ̀. Gbogbo òkè tó tẹ̀lé ìkúnlẹ̀ wọ̀nyẹn, ńṣe ló fẹsẹ̀ rìn ín, tó ń ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ aláìgbọràn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ Òrò, ó rí bàbá kan tó ń hun agbọ̀n lábẹ́ máńgòrò. Ó rò ó pé òun á ṣe méjèèjì pọ̀: òun á tẹ orúnkún kan bí kẹ̀kẹ́ ti ń lọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Gbìì! Inú oko ẹ̀gẹ́ ló ti bá ara rẹ̀.

"Ìyàwó," ni bàbá náà wí, "ṣé gbogbo ara lo fẹ́ fi kí mi ni?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ni Asisat dáhùn láàárín ewé.

Abdulkadir ni orúkọ bàbá náà. Ó fà á dìde, ó gbọn ewé kúrò lára rẹ̀, ó sì ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Asisat rò ó fún un.

"Kò ju ìyẹn náà lọ?" ni bàbá ní. "Ọ̀pẹ ni mò ń gùn nígbà ọ̀dọ́ mi. Bí bàbá mi bá gba ìsàlẹ̀ kọjá, ṣé màá já igbà sílẹ̀ kí n wá dọ̀bálẹ̀ ni? Òkè lọ́hùn-ún ni mo ti ń kígbe kí i. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ tán, mo wá dọ̀bálẹ̀."

"Àwọn àgbà ò sì bínú?"

"Èwo nínú wọn ló fẹ́ kí n já lu òun lórí?"

Asisat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́.

Láti ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ mọ́. Bó bá ti rí ibòji lókèèrè, á lu aago kẹ̀kẹ́: "Ẹ kú ìjókòó o! Ẹ kú ọ̀sán o! Òkè ọ̀pẹ ni mo wà o!" Àwọn àgbà á na ọwọ́: "Kú ìrìn o, ìyàwó!" Òkè á sì gbà á. Ní Ọ̀mù-Àrán, ọlọ́kadà kan ń bá a rìn.

"Ìyá oníkẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbé yín!"

"Gbé epo rẹ pamọ́, ọkọ mi! Ọbẹ̀ àárọ̀ ni mo fi ń wa tèmi!"

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí òkè àbáwọ̀lú Òkè-Onígbìn yọ sí i. Nísàlẹ̀ òkè gan-an, lábẹ́ igi igbá, ìyá ọkọ rẹ̀ ló jókòó yẹn, àwọn arúgbó bí i mélòó kan yí i ká.

Ìyá ọkọ! Ta ni í kọjá ìyá ọkọ láìkúnlẹ̀?

Ó lu aago. "Ìyá mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Mò ń bọ̀ wá kúnlẹ̀ o!"

Ìyá kò na ọwọ́ sí i. Ó kàn ń wò ó.

Ọwọ́ Asisat lọ síbi bíréèkì. Ó rántí Mardiyah tó ń sùn lórí ìwé. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀. Òkè gbà á, òkè kọ̀ ọ́. Kẹ̀kẹ́ ń yí lọ sọ́tùn-ún, ó ń yí lọ sósì. Itan rẹ̀ ń jó bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Lókè, Mardiyah ń fò sókè sódò: "Ìyá mi, ó kù díẹ̀! Ó kù díẹ̀!"

Ó débẹ̀! Ó ju kẹ̀kẹ́ sọ́wọ́ ọmọ, kò tilẹ̀ mí, ó sáré padà sọ̀kalẹ̀ gbogbo òkè náà, ó kúnlẹ̀ gbà níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá."

"Mo ti gbọ́ ọ láti òkèèrè," ni ìyá wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá padà wá ni." Ó tú etí ìró rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló wà níbẹ̀, ó ti so ó mọ́ ọn láti àárọ̀.

Kí Asisat tó nawọ́ gbà á, aago kẹ̀kẹ́ dún lókè. Mardiyah ló ń bọ̀ wòròwòrò yẹn lórí kẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà!"

"Bíréèkì!" ni Asisat kígbe. "Mardiyah, tẹ bíréèkì!"

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá àgbà wí, ó ti na ọwọ́ sókè. "Jẹ́ kó kí wa tán ná."