Ẹyin Tó Jinná Nínú Ilẹ̀

Ẹni tó bá gba etíkun kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìdí Rovina ni yóò kọ́kọ́ rí. Orí àti apá rẹ̀ wà nínú kòtò, ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sórí yanrìn, ìdí nìkan ló kù lókè tó ń kí òkè eléèéfín káàárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ pé Ọlọ́run tó fún òun ní ìdí tó tóbi báyìí ti mọ̀ pé iṣẹ́ ìdoríkodò lòun máa ṣe jẹun, ló ṣe fi ẹrù sẹ́yìn kí òun má baà re sínú kòtò. Ṣùgbọ́n lónìí kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ki ọwọ́ bọ yanrìn dé èjìká, ó fi ìka wá ọ̀tún, ó wá òsì. Kò sí ẹyin.

"Olè," ó wí fún yanrìn.

Igi wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi pààlà sí etíkun náà, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní ilẹ̀ tirẹ̀. Láfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn ẹyẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní atanyanrìn á wá láti inú igbó, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á sin ẹyin wọn sínú yanrìn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á sì padà lọ láìwẹ̀yìn. Ilẹ̀ tí iná inú òkè eléèéfín ń mú lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń bá wọn sàba. Ẹyin yìí ni gbogbo abúlé ń jẹ, òun náà ni ọkọ̀ ojú omi ń kó gba orí òkun lọ sọ́jà ìlú Honiara.

Láti ìgbà tí òjò ti dá ni ọwọ́ Rovina ti ń wọlẹ̀ lófo, tó ń jáde lófo. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ilẹ̀ tí ẹyẹ bá kọ̀ sílẹ̀. Wọ́n á ní ọwọ́ onílẹ̀ kò mọ́. Bí kò bá bá ọkọ ọlọ́kọ sùn, á jẹ́ pé ó jalè, tàbí kẹ̀ ó ti na ìyá rẹ̀. Ìyá Rovina ti kú tipẹ́, ọkọ ọlọ́kọ tó sì ṣẹ́ kù tó ṣeé bá sùn ní abúlé yẹn, eyín méjì péré ló wà lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà Rovina ò sọ fẹ́nikẹ́ni pé ilẹ̀ òun ṣófo. Ó ní wọ́n ń jí òun lẹ́yin. Ìtìjú ni ilẹ̀ tó ṣófo, ṣùgbọ́n ìjà ni ilẹ̀ tí olè ń jà, Rovina ò sì sá fún ìjà rí.

Kesaya tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà ló fẹ̀sùn kàn, opó kan báyìí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojoojúmọ́ ni Kesaya ń ti etíkun bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tó fewé bò, ẹrù náà á sì tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Níbo ló ti ń rí ẹyin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bàbá Pakivai, olórí abúlé, máa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ igi ọ̀dán. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti Kesaya, ilẹ̀ rẹ̀ á di ti Rovina. Rovina sì ti fi ilẹ̀ náà jin ọmọ tó wà nínú Melisi, ìyàwó Dovi ọmọ rẹ̀, tí oṣù rẹ̀ ti pé. Òkun ti gba ilẹ̀ ti bàbá ọmọ náà. Bí kò bá rí èyí gbà, ọmọ náà á wáyé láìní ìwọ̀n yanrìn tó lè gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ̀rí ló kù. Rovina gbà pé ńṣe ni Kesaya ń kó ẹyin òun lọ sin sínú ilẹ̀ tirẹ̀ de ọjọ́ tí ọkọ̀ máa lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ká aṣọ sókè, ó sì dá ààlà kọjá. Olè gan-an nìyẹn lábúlé wọn. Ẹni tó bá wọ ilẹ̀ ẹlòmíì pàdánù tirẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣì wọ ọ́.

Ó fi èèpo àgbọn gbẹ́ ẹ. Òógùn bò ó. Ó rò pé ooru ara àgbà tó ti fi í sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí ló tún padà wá kí i, ó ṣépè fún un. Nígbà tí kòtò jìn dé ìgbọ̀nwọ́, ó fa ọwọ́ yọ wàrà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka. Ó fi aṣọ wé ọwọ́, ó tún kì í bọ kòtò náà. Ẹyin kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀.

Ó mì ín létí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fọ́ ọ mọ́ orúnkún. Funfun rẹ̀ ti dì, pupa rẹ̀ ti gbẹ bí ìyẹ̀fun. Òórùn rẹ̀ ta sí i nímú, àná ló sì ti jẹun gbẹ̀yìn. Ká má purọ́, Rovina ti gbé ìlàjì rẹ̀ mì kí ẹ̀rù tó dé.

Ó wá jókòó sórí yanrìn, ó dìde kíá. Ó tẹ́tí. Òkun nìkan ló ń dún. Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ tí òun gbọ́ igbe ẹyẹ kẹ́yìn láàárọ̀, kò rántí.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, gbogbo abúlé pé sábẹ́ ọ̀dán. Bàbá Pakivai fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu tí èso tó ń jẹ ti sọ di pupa, ó ní kí Kesaya ṣí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kesaya gbé e síwájú olórí. Lẹ́yìn náà ló ká ewé kúrò. Òkúta ló wà níbẹ̀, òkúta etí odò roboto-roboto, ó tò wọ́n dáadáa bí ẹyin.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Òmíràn bi í bóyá adìyẹ òkúta ló ń sìn.

"Ilẹ̀ mi ti ṣófo tipẹ́," Kesaya wí. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ gba ilẹ̀ náà fún Ìyá Dovi, ṣùgbọ́n mi ò jalè."

Ariwo sọ. Wọ́n ń wo ọwọ́ Kesaya bí ẹni pé ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Rovina ti borí. Kó ṣáà panu mọ́, ilẹ̀ di ti ọmọ Melisi. Ìlàjì ẹyin tó kù wà ní ìdí aṣọ rẹ̀. A kì í fi ìtìjú kárùn, ó rò ó nínú ara rẹ̀, àwa sì ti fi ìtìjú gbé òkúta lérí.

Ó dìde.

"Bàbá, èmi lolè. Mo wọ ilẹ̀ Kesaya láàárọ̀ yìí." Ó gbé ìlàjì ẹyin náà síwájú olórí. "Ohun tí mo hú níbẹ̀ nìyí."

Bàbá Pakivai yí i wò. "Ta ló jẹ ìyókù?"

"Èmi náà ni. Ebi ń pa mí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín náà tán.

"Ẹ bi mí léèrè ẹni tó sè é."

Bàbá Pakivai fi ìka tẹ pupa ẹyin náà, ó fọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́búlẹ́bú.

"Ilẹ̀ tèmi náà ti ṣófo," Rovina wí. "Láti ìgbà tí òjò ti dá."

Ìyàwó olórí, tó jókòó lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, wá sọ ọ́ wẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ nílẹ̀. "Tiwa náà." Bàbá Pakivai yíjú sí i bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Láti ìdí igi lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan ní tòun náà. Obìnrin kan gbé aṣọ bojú, ó mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu. Ilé sí ilé ni wọ́n ti ń jẹ ànàmọ́ lásán, tí wọ́n ń pa ìtàn ẹyin fún ara wọn lójú ọ̀nà.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Olórí béèrè bí epo tó kù nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti pọ̀ tó. Wọ́n ní ó kù díẹ̀. Ọkọ̀ tó lè gbé wọn kúrò ní erékùṣù náà kò ju ẹyọ kan lọ.

Rovina wojú Kesaya, Kesaya náà wò ó, ó sún, ó fàyè sílẹ̀ fún un lórí gbòǹgbò tó jókòó lé. Ibẹ̀ ni Rovina ti rí Melisi. Ó dúró, ó fi ọwọ́ kan ti ikùn, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sọ ìkejì kalẹ̀. Rovina rò pé oyún ló wúwo. Ó wá rí i pé ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìdúró ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń jó ijó tí kò ní orin. Àwọn ọmọdé tiẹ̀ ti sọ ọ́ di eré ìfòkiri láti bí ọjọ́ mélòó kan, àwọn àgbà sì ń sọ pé oòrùn ọdún yìí mà mú o, ilẹ̀ ń jóni lẹ́sẹ̀. Òun náà ti sọ bẹ́ẹ̀.

Rovina gbójú sókè. Ewé ọ̀dán pàdé lórí wọn dúdú bí òrùlé. Oòrùn kò dé ibẹ̀ rí.